Ìwọ̀fà ní Satwa

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn irun àtọwọ́dá tí a rì bọ omi gbígbóná ni mo fi ń mọ̀ pé òpin ọ̀sẹ̀ ti dé. Láàárín ọ̀sẹ̀, igbákejì olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Bur Dubai. Ní Sátidé, àti ní ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn ní Oud Metha, mo di onídìrí ní àdúgbò Satwa. Ìka mi yá. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ọwọ́ mi le, pé irun tí mo bá dì kì í tètè tú. Ìyìn ni mo ka ìyẹn sí nígbà náà.

Orúkọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílé ìwé yẹn dùn ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo ń nu imú, mo ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí, mo ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan tó sọnù. Ìwé ẹ̀rí NCE tí mo gbà nílé, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì dá a padà fún mi. Ẹni tó ní dìgírì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, owó oṣù rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì tèmi lọ. Mo wá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, tí èèyàn lè fi ọdún méjì sọ NCE rẹ̀ di dìgírì olùkọ́. Ìṣirò mi kò le rárá. Bí mo bá di olùkọ́ gidi, owó oṣù mi á tó láti gba físà fún ọmọbìnrin mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn, mo sì ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi dìgírì ṣe, mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àti ìlọsíwájú, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni mo fẹ́ fi mú wá.

Owó ilé ìwé ni kò sí. Mo sọ fún Màdáámù tó ni ṣọ́ọ̀bù irun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, àgbà obìnrin tó ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé gogoro tí a ń wò. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n rojọ́ tán.

"Èló ni school fees yẹn?" Mo sọ fún un. "Mo máa san án. First year, second year, khalas, ó parí. Ìwọ ṣáà máa wá dirun fún mi every weekend, free. Ṣé o gbọ́?"

"Mummy, ẹ ṣeun ma! Ọlọ́run á bù sí i fún yín." Mo kúnlẹ̀ sórí irun tó wà nílẹ̀.

A kò kọ ìwé, a kò pe ẹlẹ́rìí. Lójú tèmi, orí kọ̀ọ̀kan tí mo bá dì ń dín gbèsè kù ni. Ó hàn gbangba sí mi débi pé n kò rò ó láti béèrè.

Bàbá mi nìkan ló béèrè. Mo ròyìn oore Màdáámù fún un lórí fóònù, ó ní, "Iṣẹ́ tí o máa ṣe yẹn, ṣé òun ló ń san owó náà, àbí èlé ló dúró fún? Láyé àwọn bàbá wa, ìwọ̀fà kì í fi iṣẹ́ san gbèsè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Ojú owó á ṣì wà níbẹ̀ digbí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Daddy, Dubai la wà o. Wọn ò mọ ìwọ̀fà níbí." Bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí sílé ẹ̀kọ́ gíga, orí mi sì ti ń wú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Báyìí ni ọdún méjì náà ṣe lọ. Nírọ̀lẹ́ Ajé àti ti Ọjọ́rú, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Bur Dubai lọ sí Sharjah, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn mọ̀. Mo máa ń ṣí ìwé lé itan, ojú ìwé kan náà ni mo sì máa ń bá níbẹ̀ nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá jí mi pé, "Yalla, sister, last stop." Màdáámù kò jáfara nínú owó sísan. Ọjọ́ tí ilé ìwé bá ní kí á san án ló ń san án, ó sì máa ń bu ìrẹsì àti ẹja díndín fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ní alaalẹ́ Sọ́ńdè, mo máa ń rí ọmọ mi lórí fídíò. Ìyá mi ló ń di irun rẹ̀, ṣùkú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tó sì ti ń tú kó tó di ọjọ́ kejì. Èmi onídìrí a máa fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ náà a sì máa bá mi rẹ́rìn-ín.

Mo gba dìgírì. Ilé ìwé kan ní Sharjah fún mi níṣẹ́ olùkọ́. Mo ra èso dáté olówó gọbọi, mo gbé e lọ sí Satwa láti dúpẹ́, mo sì sọ fún Màdáámù pé láti oṣù tó ń bọ̀, n kò ní lè wá dirun mọ́.

"Congratulations, my teacher!" Ó dì mọ́ mi. "Kò burú. Tó o bá ti gba salary, o lè máa san owó mi díẹ̀díẹ̀."

"Owó wo, Mummy?"

"School fees, now."

"Irun tí mo ti ń dì láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyẹn kẹ̀? Ìyẹn wà fún pé mo yá ẹ lówó ni. Owó ṣì jẹ́ owó. Bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń yá wọn lówó nìyẹn."

Mo wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, n kò rí i, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo sunkún nínú métrò títí mo fi délé. Nígbà tí mo yọ owó ilé àti gbèsè kúrò nínú owó oṣù olùkọ́ tí n kò tíì gbà, èyí tó kù kò lè mú ọmọ wá sí ibi kankan. Arábìnrin tí a jọ wà nínú bedspace, yàrá tí oníkálukú ti ń háyà ibùsùn kan, tó ń ṣiṣẹ́ síkúríítì, ní kí n má da ara mi láàmú. "No paper, no signature. Just waka, jàre. Kí ló máa ṣe?" Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n owó obìnrin yẹn ni mo fi kàwé, mo sì mọ̀ ọ́n.

Mo pe bàbá mi. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó ní, "Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀." Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́, ìkíni ló sì gba ìdajì rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọdún kìíní á dúró gẹ́gẹ́ bí èlé, ti ọdún kejì á sì wọ inú ojú owó. Owó ọdún kan ló wá ṣẹ́kù sí mi lọ́rùn. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́, Màdáámù ní, "Bàbá ẹ mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré." Ó tún bu ìrẹsì fún mi.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń bi mí ní Oud Metha bóyá dìgírì náà pé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíákíá. Láwọn ọdún tí mo kọ́kọ́ fi ṣe olùkọ́, ohun tó ń kù sí mi lọ́wọ́ kò ju èyí tí ǹ bá ní lọ, ká ní irun ni mo ń dì gbowó fún ara mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ padà, ó sì ń san án títí dòní. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tó gba owó ẹnikẹ́ni, kí wọ́n béèrè ohun tí òógùn wọn máa san. Àwọn kan nínú wọn máa ń rẹ́rìn-ín, bí èmi náà ṣe rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi ti lé ní ọdún mẹ́jọ kó tó dé. Sátidé àkọ́kọ́ tó lò níbí, ó jókòó sáàárín orúnkún mi nílé wa ní Sharjah, mo mú òòyà, ìka mi sì gbéra láìdúró dè mí. Mo rò ó nínú ara mi pé láti ọjọ́ tí Màdáámù ti san owó ilé ìwé mi, orí àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa dì tí kò ní wọ inú gbèsè ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn gan-an. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé orí.

"Mummy, ó ń dùn mí. Ti Màmá kì í dùn mí báyìí."

Bí mo bá ń wọn dìgírì yẹn wò, owó ibẹ̀ ló rọrùn láti wọ̀n. Àwọn ọdún tí ìyá mi fi dirun fún un, n kò tíì mọ ibi tí mo máa kà wọ́n sí. Mo tú èyí tí mo ti dì. Mo dẹ ọwọ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, oòrùn sì ti mú kí n tó parí. Ẹsẹ̀ irun náà wọ́. Ó lọ wo dígí, ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó ti ń jọ ti Màmá."