Irun Orí Olóyè Àjàní

Ọjọ́ tí wọ́n ní mo ta irun Olóyè Àjàní, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà'ba ni mo wà. Mo ti fi ọṣẹ pa orí oníbàárà kan, mo fẹ́ máa fá a, ni Súlè dé. Súlè yìí ló máa ń gbé agboòrùn tẹ̀lé Olóyè. Kò kí mi. Àárín ọ̀nà ló dúró sí kí tọmọdé tàgbà lè gbọ́, ó ní, "Làsísì onígbàjámọ̀! Irun ẹni tó sọ ọ́ dèèyàn lo kó fún ọ̀tá!" Oníbàárà mi dìde tòun tọṣẹ lórí, ó kọjú sí Bẹẹrẹ, ó ń lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rín in bí kì í bá ṣe pé oúnjẹ ọmọ mi ló ń lọ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gẹrun, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá a síta, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà tiwa, irun olóyè kì í bọ́ sílẹ̀. Aṣọ funfun ni onígbàjámọ̀ máa ń tẹ́ yí àpótí ìjókòó rẹ̀ ká. Tó bá fárí tán, á ká etí aṣọ náà jọ, á gbé e fún ìyálé ilé. Ìyálé nìkan ló mọ ibi tó ń rì í mọ́. Wọ́n ní ẹni tí irun rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi da orí rẹ rú. Mùsùlùmí ni wá nílé wa ní Bẹyẹrúnkà, bàbá mi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé abẹ lé mi lọ́wọ́ ni pé, "Bóo gbà á gbọ́, bóò gbà á gbọ́, ohun tí wọ́n bá fi sí ọ níkàáwọ́, ṣọ́ ọ."

Bàbá mi ló ń fárí Olóyè Àjàní látìgbà tó ṣì ń ra kòkó, tí kò tíì sẹ́ni tó ń pè é lólóyè. Nígbà tí ojú bàbá mi fọ́, mo gba iṣẹ́ náà. Mo mọ orí ọ̀hún ju tèmi lọ. Àpá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti já lulẹ̀ lórí igi nígbà èwe, ibẹ̀ ni abẹ ti máa ń fẹ́ ṣìnà. Ojú mi báyìí ló ṣe di mógàjí agbo ilé wọn, tó sì gboyè. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé Màpó, èrò á ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á máa dọ̀bálẹ̀ kí i tòun tọṣẹ létí. Olóyè á ní, "Làsísì, rọra o. Orí tó ń bọ̀ wá jẹ Olúbàdàn lo dì mú yẹn."

Àkàbà sì ni oyè Ìbàdàn. Bí ẹni tó wà lókè ò bá tíì lọ, tìsàlẹ̀ á ní sùúrù. Olóyè Àjàní ò ní sùúrù. Bí òṣèlú ṣe gbóná, ó ń lọ Agodi lọ́dọ̀ ìjọba, ó ń bọ̀, ó fi ẹgbẹ́ tí gbogbo ilé wọn ń ṣe sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ ìjọba. Wọ́n fi í jẹ adájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ kan. Mọ́tò dé, agboòrùn olówùú wúrà dé, Súlè náà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fá a lọ́wọ́ ni Ìyá Rábíù wọlé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé. Olóyè ló rán Rábíù ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí pé ọmọ náà ò kúrò nínú ẹgbẹ́ àtijọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyá Sáfù, ìyálé Olóyè, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí aṣọ irun. Òun náà kúnlẹ̀. "Baálé mi, ọmọ wa ni."

Ọwọ́ mi dúró. Olóyè ò yíjú. Ó ní, "Làsísì, ta ní kóo dúró? Máa fá a lọ."

Mo fá a. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìyá Rábíù dìde, kò ṣépè, ó kàn wo orí tí mò ń fá, ó sì jáde. Nígbà tí Rábíù tẹ̀wọ̀n dé, ikọ́ tó bá a bọ̀ ò jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn sójà gbàjọba. Kóòtù lọ, mọ́tò lọ. Agbo ilé ṣèpàdé láì ránṣẹ́ sí Olóyè, wọ́n yan mógàjí mìíràn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ wọ́n fá tiẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a sunkún. Ọjọ́ kejì ni Súlè wá pariwo mi lọ́jà, pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò lè ṣubú lásán, àfi tí irun rẹ̀ bá ti dọ́wọ́ ọ̀tá.

Mo sáré lọ sílé Olóyè, mo nà gbalaja. Ìyá Sáfù ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní, "Làsísì ò mú fọ́nrán kan jáde nínú ilé yìí rí. Ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí." Olóyè kọjú sí ògiri, ó ní, "Ẹ ní kó máa lọ."

Ó parí nìyẹn. Ta ló máa gbé orí fún onígbàjámọ̀ tó ń tarun? Mo palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, mo lọ ń fárí àwọn alágbàṣe lábẹ́ igi ọdán ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè kírun nínú jámáà tí mo mọ̀. Bàbá mi gbọ́ nílé tó jókòó sí. Kò bi mí bóyá òótọ́ ni. Ó ní kí n gbé abẹ òun wá, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó ṣì mú." Ó kú kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú, ìyẹn ló sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá Sáfù náà kú tẹ̀ lé e. Mo pàdé Súlè níwájú Màpó lọ́jọ́ kan, agboòrùn kan náà, orí mógàjí tuntun ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè lábẹ́ igi ọdán mi, mo rí bàbá kan tó ń fọ̀pá rìn bọ̀. Irun rẹ̀ funfun, ó kún dé etí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn alágbàṣe. Olóyè Àjàní ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ fa aṣọ funfun mi yọ nínú àpò.

"Má wulẹ̀ tẹ́ ẹ," ló wí.

"Bàbá, irun olóyè kì í bọ́ sílẹ̀."

"Olóyè wo?"

Mo tẹ́ ẹ. Nígbà tí mo fá a dé ibi àpá, ó sọ̀rọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì sì gbọ́.

"Làsísì, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

"Látìgbà wo, Bàbá?"

"Látọjọ́ tóo nà gbalaja."

Inú bí mi, kí n má parọ́, abẹ sì wà lọ́wọ́ mi. "Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ?"

Ó ní, "Bí kì í bá ṣe ìwọ, a jẹ́ pé èmi ni." Abẹ mi dúró. "Ta ní kóo dúró? Máa fá a lọ."

Mo fá a tán. Mo ká etí aṣọ jọ, mo nà án síwájú bí ìṣe mi, kò sẹ́ni tó gbà á. Mo bi í pé níbo ni Ìyá Sáfù máa ń rì í mọ́.

"Mi ò bi í rí," ló wí. "Dà á nù. Ta ló fẹ́ fi ṣe kí ni?" Ó dé fìlà, ó fọ̀pá rẹ̀ gba Òkè Padre lọ, kò sẹ́ni tó kí i.

Mo ti gbé abẹ kọ́ báyìí, àgbà ti dé. Àmọ́ mi ò da irun yẹn nù. Mo gbé e lọ sílé ní Bẹyẹrúnkà, mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi, mo rì í mọ́bẹ̀. Mo ní, "Bàbá, irun Olóyè rè é. Ó pé."