Oògùn Ikọ́ Kòṣeémánìí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èkúté ni ọ̀tá tí a ń bá jagun nílé wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní abà mọ ohun tí mo ń sọ. Abúlé wa kò jìnnà sí Lálúpọn, ilé mẹ́fà péré ni, oko iṣu àti oko àgbàdo ló yí i ká. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú irin kọjá ládùúgbò wa ni, àwa ọmọdé a sì máa sáré jáde lọ wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń tú èéfín. Àwọn àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó àti ọ̀rọ̀ Ajẹ́lẹ̀ ní tiwọn, ṣùgbọ́n ní ilé ìdáná ìyá mi, ọ̀rọ̀ èkúté ni a ń sọ.

Ìdí ni pé àjà ilé ìdáná ni bàbá mi ń so irúgbìn àgbàdo kọ́ sí. Yóò ṣí háhá wọn sẹ́yìn, yóò dì wọ́n pọ̀, yóò sì gbé wọn kọ́ sára igi àjà, níbi tí èéfín ààrò yóò ti máa bá wọn láti ìgbà ìkórè títí di òjò àkọ́rọ̀. Èéfín ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í lé èkúté. Èkúté tó bá sì jẹ irúgbìn, oúnjẹ wa ti ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn. Ológbò wa ló ń ṣọ́ ọ.

Kòṣeémánìí ni orúkọ ológbò náà. Abo ni, ó ní àwọ̀ eérú, etí òsì rẹ̀ sì ti ya níbi ìjà kan tí ojú mi kò tó. Ìyá mi sọ fún mi pé ọdún tí wọ́n bí mi ni wọ́n mú un wá sílé. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun tẹ́ mi sórí ẹní, tí òun lọ rokà, ejò kan wọ́ wọlé, Kòṣeémánìí ló sì pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ìgbà ogún, mo sì tún máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́. Orí ẹní kan náà ni èmi àti ológbò yìí ń sùn. Bí wọ́n bá bu ẹja fún mi, òun ló ń jẹ orí.

Ọdún tí mo tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn ìkórè, ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Yóò lúgọ mọ́lẹ̀, yóò na ọrùn gbọọrọ, àyà rẹ̀ yóò sì máa fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó yá, ó rù, irun rẹ̀ kò dán mọ́. Bó bá lé èkúté dé ìdajì ilé ìdáná, yóò dúró, yóò máa wá èémí. Àwọn èkúté náà sì mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ológìnní bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté. Tiwa kò tilẹ̀ jáde. Ó jókòó síbẹ̀ tó ń wúkọ́, wọ́n sì ń jẹ àgbàdo lókè orí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi bá ṣùkù àgbàdo nílẹ̀, èkúté ti jẹ ọmọ orí rẹ̀ tán. Wọn kò pariwo. Bàbá mi kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn máa bà wá lẹ́rù. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní abúlé kejì yóò fún àwọn ní ọmọ ológbò tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ìgbà náà ni àwọn yóò gbé arúgbó yìí lọ sínú igbó lẹ́yìn odò. Wọn kò ní pa á, nítorí mùsùlùmí ni wọ́n, àáfà sì ti kọ́ wọn pé a kì í fi ọwọ́ pa ológbò. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ológbò arúgbó tí kò lè mí dáadáa, tó bá sun inú igbó lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán nìyẹn?

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá tọ́jú ẹ̀. Á tún padà máa pa èkúté."

Wọ́n wò mí títí. "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lo di oníṣègùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Mo fún ẹ dìgbà òjò àkọ́rọ̀. Tí mo bá gbé irúgbìn sọ̀, tí mo bá rí ojú eyín èkúté tuntun níbẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹkún o."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wé Ọmọ ni mo sáré lọ. Ìyá arúgbó yìí ni gbogbo abiyamọ abúlé ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ bá, àwọn ló ń já ewé fún wọn. Nígbà tí mo sọ ẹni tí ń ṣàìsàn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lọ́rùn wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń já ewé, wọn kò tíì gbé ọmọ tó nírù wá bá àwọn rí. Ṣùgbọ́n wọn kò lé mi. Wọ́n bi mí bí ikọ́ náà ṣe ń ṣe é. Mo lúgọ mọ́lẹ̀, mo na ọrùn, mo sì wú u fún wọn bó ṣe rí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní kí n máa lọ orógbó pọ̀ mọ́ ewé efinrin gbígbẹ, kí n fi òrí díẹ̀ pò ó, kí n máa fún un níwọ̀n èékánná àtàǹpàkò láràárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan.

"Gbọ́ o, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ikọ́ àgbà nìyẹn. Kò ní lọ tán. Oògùn yìí á kàn máa tì í sẹ́yìn ni. Ọjọ́ tó o bá fò, ọjọ́ náà ló máa padà."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò béèrè bí n óò ṣe jẹ́ kí ológbò gbé e mì. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Gbogbo wa ṣáà mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ lágbo. Ẹ rántí: ìyá yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò ká a lọ́wọ́ mọ́ ìhà, yóò wá kó àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, yóò sì da àgbo sí i. Bí ọmọ bá fẹ́ mí, àfi kó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ṣe ń rọ àbúrò mi. Mo fi omi po oògùn náà kó lè ṣàn, mo jókòó sórí àpótí ìyá mi, mo tẹ́ Kòṣeémánìí sórí itan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ológbò.

Ohun tí ojú mi rí kò kéré. Àpá rẹ̀ wà lára mi títí di òní, mẹ́ta lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìyẹn kò dùn mí tó ti oògùn tó pá a lórí. Ojú rẹ̀ yọ síta, ó ń wá èémí bí ẹni tí wọ́n di ọ̀fun rẹ̀ mú. Ó já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó wọ inú oko iṣu lọ. A kò rí i lọ́jọ́ náà. A kò rí i lọ́jọ́ kejì. Mo gbé orí ẹja káàkiri ẹ̀yìn ilé, mo ń pè é títí ohùn mi fi há. Ẹ̀rù bàbá mi kò bà mí mọ́ nígbà yẹn. Ohun tí mo ń rò ni pé ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ejò, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rọ pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wọlé, ó jókòó sídìí ààrò, ó kẹ̀yìn sí mi. Bí mo bá sún mọ́ ọn, yóò dìde. Ayọ̀ àti ìtìjú dà pọ̀ mọ́ mi lára, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ń bu epo sínú ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má dí àwọn lọ́nà. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbakọ lé mi sẹ́yìn ni epo ti ta sí Kòṣeémánìí lẹ́sẹ̀ iwájú. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí wọ́n bú. Ó jókòó, ó gbé e sẹ́nu, ó sì lá a títí kò fi ku nǹkan kan. Kì í ṣe pé epo dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdọ̀tí ni kò lè gbà lára. Mo nu ojú mi nù, nítorí mo ti rí ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo fi òrí po oògùn náà kó ki, mo dúró títí ó fi jókòó, mo sì fi pa á lẹ́sẹ̀ iwájú. Ó bojú wò mí. N kò tíì rí irú ojú yẹn lójú ènìyàn. Ó lá a, ó gbọn orí, ó yọ ahọ́n, ó tún lá a. Orógbó náà korò, ó sì mọ̀ pé ó korò, ṣùgbọ́n kò lè fi í sílẹ̀ lára. Ó lá a tán.

Bàbá mi náà tọ́ oògùn yẹn wò láìmọ̀. Orí ọlọ ata ìyá mi ni mo ti lọ̀ ọ́, mo sì rò pé omi tí mo fi ṣan ọlọ náà ti tó. Bàbá mi gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, wọ́n dúró, wọ́n wo inú àwo. Wọ́n ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọbẹ̀ yìí ń wo ikọ́ ni?" Àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi kò lè rín. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sógiri, kí n ká ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọ́n fi jẹun tán, lẹ́yìn náà mo fi eérú fọ ọlọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà ni mo lọ ṣa òkúta pẹlẹbẹ kan létí odò, tó jẹ́ pé tèmi àti Kòṣeémánìí nìkan ni.

Láti ìgbà náà n kò fo ọjọ́ kan. Bí ẹgbẹ́ mi bá ń pè mí láti lọ pọnmi, màá ní kí wọ́n máa lọ, oògùn ni mò ń lọ̀ lọ́wọ́. Ọyẹ́ dé, ètè mi là, ọwọ́ mi ń ta mí lórí òkúta, mo lọ̀ ọ́. Efinrin tán lẹ́yìn ilé wa, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Lálúpọn lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ibà dá mi gúnlẹ̀, ìyá mi ní ọjọ́ kan kì í pa ni. Mo wọ́ dé ìdí ààrò, mo sì fi pa á lẹ́sẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ìgbéyàwó kan tí gbogbo ọmọ ilé lọ sùn sí, tí wọ́n ti pa màlúù. Èmi kò lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n ń ròyìn ẹran fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ológbò náà lójú ara rẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí yóò nu ẹsẹ̀ sára ẹní mi dípò kó lá a. Màá tún lọ òmíràn.

Ikọ́ náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó ń dín kù. Kòṣeémánìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Irun rẹ̀ padà dán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo bá òkú èkúté lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó sì jókòó tì í. Mo di èkúté náà mú nírù, mo sáré gbé e tọ bàbá mi lọ níbi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá. Wọ́n ní kí n gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò níwájú àwọn, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn, wọ́n ń mú ẹ̀rín mọ́ra ni.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi gun àjà, wọ́n gbé irúgbìn sọ̀, wọ́n sì ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró tì wọ́n, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n dé ìdì kan, wọ́n dúró. Ojú eyín èkúté wà lára àgbàdo náà. Bàbá mi gbé e lọ sínú ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìka ra ojú eyín náà, wọ́n sì fi ìka ọ̀hún hàn mí. Ó dúdú fún èéfín. Ojú eyín àtijọ́ ni, ti ṣáájú oògùn. Wọ́n ju àgbàdo náà sí adìẹ, wọ́n yíjú sí ìdí ààrò, wọ́n ní, "Kòṣeémánìí, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá mi, tí kì í fi "ẹ" kí ẹni tí wọ́n jù lọ lọ́jọ́ orí, fi "ẹ" kí ológbò. Wọn kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọmọ ológbò mọ́.

Ó tún lo ọdún méjì lẹ́yìn náà, ikọ́ náà ò sì yé wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa náà sì ń tì í sẹ́yìn láràárọ̀. Inú eérú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́bàá ààrò ló kú sí, nígbà ọyẹ́, láìwúkọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti lọ oògùn náà tán, mo ti fi òrí pò ó, kí n tó rántí. Mo jókòó síbẹ̀, ó wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi rí i pé n kò tíì lọ pọnmi, wọn kò sì bá mi wí.

Lóde òní, ilé ìwòsàn ẹranko wà n'Ìbàdàn. Oògùn ọmọdé dùn bí oyin, kò sí abiyamọ tí ń rọ ọmọ títí ojú ọmọ fi ń yọ mọ́, inú mi sì dùn sí i, nítorí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. N kò ní sọ pé ayé àtijọ́ sàn jù. Ohun tí mo rí nísinsìnyí ni pé bí ẹranko bá ṣàìsàn tó gbó, wọn a ní ká wá òmíràn, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Èmi náà ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra, dókítà sì fún mi ní oògùn tí n óò máa lò títí ayé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbàgbé tiwọn, wọ́n ń ṣubú. Ìyàwó ọmọ mi ń ṣọ́ mi láti ìgbà tó ti dé ilé wa, kò tíì rí ọjọ́ tí mo fò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí pé, "Màmá, ta ló kọ́ yín lọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀?" Mo ní ológbò kan ni. Ó wò mí sùn-ùn, ó sì lọ pe ọkọ rẹ̀.