Ẹ̀bẹ̀ Tá A Lọ Bẹ̀ Ní Àgọ́ Palace

Àwọn ará àdúgbò mi ní Ṣógúnlé rò pé ìjà ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ká ní a jà dópin ni, bóyá mi ò bá ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì aládàáni kan ní Ìsọlọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ kó gbogbo àwa olùkọ́ jọ. Ó ní ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn ò mú èrè wọlé fún òun, nítorí náà òun máa dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró kí sáà tuntun tó wọlé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń tọ́ ọmọ méjì, èmi nìkan, kò sí bàbá wọn níbẹ̀.

A ò gbà. A pinnu pé a ò ní fi máàkì ìdánwò àwọn tó fẹ́ jáde sílẹ̀, àfi tí ọkùnrin náà bá jókòó bá wa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wa. Ó sì mú un dáadáa. Àwọn òbí ń pè é lọ́tùn-ún lósì, àwọn míì ń wá pariwo lẹ́nu géètì. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pé òun ti ṣe tán láti jókòó. Ó ku díẹ̀ ká borí.

Àfi Bàbá. Bàbá la máa ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù ní ẹ̀ka wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní kò yẹ ká jẹ́ kí ọkùnrin náà wá bá wa. Àgbà ni, àwa ló yẹ ká lọ bá a nílé, ká bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ wọ́nú.

"Kí la ṣe tá a fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, sà?" Èmi ni mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà, o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọn ò tọ́ nílé," ni Bàbá fèsì. "A kàn fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Kò túmọ̀ sí pé a jẹ̀bi."

Òótọ́ kúkú ni. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èèyàn lè má jẹ̀bi rárá kó ní "mo ti ṣẹ̀, ẹ má bínú," ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ á ní "ẹ dìde, kò tó bẹ́ẹ̀," ọ̀rọ̀ gidi á wá bẹ̀rẹ̀. Mo gbà láti bá wọn lọ.

Àwa mélòó kan la lọ sílé ọkùnrin náà lẹ́yìn Àgọ́ Palace. Kò ní ká jókòó. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀, tàwọn ti ewú orí wọn. Àwọn ọkùnrin yòókù tẹ̀ lé wọn, àwa obìnrin kúnlẹ̀.

"A ti ṣẹ̀, sà," ni Bàbá wí. "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe, ẹ foríjì wá."

À ń retí "ẹ dìde." Kò sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni, ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó wò wá nílẹ̀ títí, ó wá bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbà pé ẹ ṣẹ̀?"

"A gbà, sà," ni Bàbá dáhùn.

Akọ̀wé rẹ̀ ti na fóònù sí wa látìgbà tá a ti wọlé. Mo rò pé ó ń ka nǹkan tiẹ̀ ni.

Kí n tó dé ibùdókọ̀ Bọ́ládé, fídíò náà ti wà lórí fóònù àwọn òbí àti tàwọn òṣìṣẹ́, pé àwọn olùkọ́ tó gbé máàkì pamọ́ ti gbà pé àwọn jẹ̀bi. Mo dúró, mò ń wo ara mi lórí ìkúnlẹ̀, èrò ọ̀nà ń kọlù mí. Ojú tì mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan pè. "Ẹ ti tà wá," ló kàn sọ, ó pa fóònù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kálukú ti ń sáré lọ fi máàkì sílẹ̀ kó má bàa ku òun nìkan. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dá wa dúró, wọ́n ní a ti fẹnu ara wa jẹ́wọ́. Bàbá nìkan ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Ó ní wọ́n níwà ìrẹ̀lẹ̀.

Lẹ́sìnnì ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nínú yàrá mi báyìí. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn, àmọ́ Bàbá ni mo bínú sí jù. Wọ́n gbọ́n tó láti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ bíi mọ̀lẹ́bí.

Bàbá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi ni. Wọ́n ní ilé-ìwé ti kó kíláàsì ìró èdè tí mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́, lítíréṣọ̀ nìkan làwọn sì mọ̀. Àwọn ọmọ ń ráhùn. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi nóòtì rẹ ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, sà," ni mo wí, "kó wá bá yín kọ́ ọ."

 

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀ yìí," ni Bàbá sọ. "Ó ní táwọn ọmọ bá tún ráhùn, kí èmi náà máa lọ."

Mo pa fóònù. Nóòtì náà wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ èyí, mi ò tíì fi í ránṣẹ́.