Bẹ́ńṣì Tí Wọ́n Ní A Fọwọ́ Sí Kí Wọ́n Gbé

Ẹnu bí abẹ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní. Nílé ìfọṣọ tí àwa méjèèjì ti ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó lè bá a fa ọ̀rọ̀. Abẹ la kúkú ń pè é. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wá kéde pé òun fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan máa bá àwọn jókòó nípàdé, kí ohùn tiwa náà lè wà nínú ìpinnu, a ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ ni.

Inú wa dùn, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ohun kan ṣoṣo la rán an. Wọ́n fẹ́ gbé bẹ́ńṣì tí a máa ń jókòó lé ká aṣọ kúrò, wọ́n ní ìjókòó ń sọ wá di ọ̀lẹ. Kó ṣáà sọ fún wọn pé a ò gbà. Òun gan-an ló sì nílò bẹ́ńṣì náà jù, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń wú tipẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ó wọlé, ó jókòó, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ńṣì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé ni pé bí ẹni tó jù ọ́ lọ ò bá tíì sọ̀rọ̀ tán, o ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró kó parí, kó wá kọjú sí òun. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó dáa, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ó parí nìyẹn."

Wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ kí ó tó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti bẹ́ńṣì yẹn..."

"A ti kúrò níbẹ̀, màmá. Ṣebí ìṣojú yín náà la ti pinnu ẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà wá tú bẹ́ńṣì wa. Nígbà tá a fariwo bọnu, ó ní wọ́n sọ fóun pé àwa òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán ni," ló ń wí ṣáá.

Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa pòṣé. "Abẹ ti kújú."

Látọjọ́ náà, wọn ò bá a ṣàwàdà mọ́. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mú àwọn àlejò wá, ó fi ẹ̀gbọ́n mi hàn wọ́n pé aṣojú wa nìyí. Àlejò kan bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń fi wá sínú ìpinnu tẹ́ wa lọ́rùn. Ọ̀gá kọjú sí i. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ti bẹ́ńṣì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi di etí tábìlì mú.

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn, sà."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí.