Bí Mo Ṣe Kọ Ajá Ọdẹ Mi Sínú Ìwé Ní Ajá Ilé

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, láti ọjọ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé àbá náà kalẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó pa ìwé rẹ̀ dé níwájú mi. Bí ẹnì kan ní Ìlódè bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í ní ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi jókòó síwájú. Ibikíbi tí èmi bá sì jókòó sí nípàdé, ibẹ̀ niwájú.

Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó gba síléètì lọ́wọ́ mi, tó fi àdá dípò rẹ̀. Mi ò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ka ìwé kẹfà tí wọn kò lè kọ lẹ́tà tí ènìyàn á kà dópin láìsùn lọ. Ẹ máa bá mi kálọ.

Mo ní ajá kan nígbà náà. Ajá pupa ni, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì funfun bí ẹni pé ó tì í bọ inú ògì. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí òwe ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ gẹ́gẹ́ bí àwa ti máa ń ṣe, aládùúgbò mi kan sì gbà títí dòní pé òun ni mò ń bá wí nígbàkigbà tí mo bá pe ajá mi wá jẹun. Mi ò jẹ́ kó yé e pé òun kọ́.

Kò sí irú ajá yẹn ní gbogbo Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, ìròyìn ni mò ń ṣe. Bí àwọn ajá tó kù bá ń gbó ọ̀yà kiri inú koríko bí ẹni ń kéde ọjà, tèmi kì í gbó. Agogo ọrùn rẹ̀ ni a óò kàn gbọ́ tí yóò dákẹ́, a ó sì mọ̀ pé ó ti dì í mú. Ó pa ọ̀yà méje ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ ọ́ ní Ìlódè, mo sọ ọ́ ní Ìlàrè, mo sọ ọ́ ní Modákẹ́kẹ́, mo sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, mo sì sọ ọ́ fún awakọ̀ kan tí kò béèrè.

Ọdún tí kòkó gbówó lórí gan-an ni ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì yìí wọ ìlú. Lọ́rì pọ̀ lójú títì débi pé adìẹ kò lè sọdá láìgbàdúrà. Ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń kó ajá jọ wọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a tó bí ènìyàn méjìlá. Akọ̀wé wa ló kéré jù lọ́jọ́ orí, ó ń kọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Lọ́rì ọ̀gá rẹ̀ ló dojú dé sínú odò. Ọ̀gá náà kò sunkún. Ó lọ sí Ìbàdàn, àwọn oníinṣọ́ránsì tí òun ti ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún lọ́dọọdún sì ra lọ́rì mìíràn fún un. Akọ̀wé rí èyí, kò sùn mọ́.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n," ó wí fún wa níwájú ilé olórí ẹgbẹ́, "ṣé ajá yín kò tó lọ́rì ni?"

Olórí wa, àgbà ọdẹ tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, dá a lóhùn. "Lọ́rì kì í ya dìgbòlugi."

"Ẹ ò tíì rí ti ọ̀gá mi, bàbá."

A rẹ́rìn-ín. Ó wá là á yé wa. Ẹni tó bá kọ ajá rẹ̀ sílẹ̀ ní ajá ọdẹ, itan kan lára ẹran yòówù tí ajá náà bá pa, ti ẹgbẹ́ ni. Ìyàwó olórí yóò yan án, yóò tà á, owó yóò wọ inú agolo. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ajá ilé, iṣu kan péré ni yóò máa mú wá lóṣù. Bí ajá ọdẹ bá fara pa nínú igbó, tàbí bí lọ́rì bá gbá ajá ilé láàárín ìlú, ẹgbẹ́ yóò san owó ẹni tó bá wò ó. Bí ajá náà bá kú, ẹgbẹ́ yóò ra ọmọ ajá fún olówó rẹ̀.

"Bí ajá bá sọnù lákòókò ọdún Ògún ńkọ́?" Ẹnì kan ló bi í láti ẹ̀yìn.

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé," akọ̀wé ní. "Ẹni tó bá jẹ́ kí ajá òun máa rìn gbéregbère lákòókò ọdún Ògún, òun náà ló fi í tọrẹ."

Mo délé, mo jókòó lórí àpótí, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Orí mi pé, mo ti sọ fún yín. Ajá wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tí kò tíì pa eku láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Itan wo ni àwọn olówó wọn fẹ́ mú wá? Èmi tí ajá mi ń pa ẹran ni gbogbo itan yóò ti máa wá. Ajá tèmi ni yóò máa fi òógùn ara rẹ̀ wo ajá ọ̀lẹ sàn. Mo sọ èyí fún ìyàwó mi. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè.

"Bàbá wọn, ẹran mélòó ni ajá yín pa lóṣù tó kọjá?"

"Kò níye," mo ní.

"Ẹ ka èyí tó dé inú ìkòkò mi nìkan."

Òun ló kà á: mẹ́ta.

"Itan mẹ́ta nìyẹn," ó ní. "Ẹ yọ̀ǹda itan mẹ́ta fún wọn. Bí ajá yìí bá kú lọ́la, kí lẹ máa fi dọdẹ? Ẹnu?"

Obìnrin yẹn, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, mi ò rí owó orí rẹ̀ gbà padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí. Mo mọ ohun tó wà nínú igbó: pàkúté wà, ejò wà, ìmàdò wà. Mi ò fẹ́ kí ajá mi wà láìní ẹni tí yóò dúró tì í, mi ò sì fẹ́ yọ̀ǹda itan. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé ajá mi kì í sùn sílé ni? Ibo ló ti ń jẹun? Ìloro ta ló ń dùbúlẹ̀ sí tí àwọn ọmọ fi ń tẹ̀ ẹ́ ní ìrù? Ajá tó ń sùn nílé, ajá ilé ni. Ẹni tó ka ìwé kẹfà kò lè ronú kan ìyẹn.

Ní òwúrọ̀ mo ru iṣu kan lọ bá akọ̀wé. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo iṣu, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ajá yín tó pa ọ̀yà méje yẹn náà ni?"

"Bí ó bá ti délé, kì í pa ọ̀yà mọ́."

"Ajá ilé tí ó bá fara pa nínú igbó, ẹgbẹ́ kò sanwó rẹ̀ o. Mo kà á sí yín létí."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àbúrò."

Ó kọ ọ́. Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, mi ò tẹ̀ka. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń san iṣu kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń gbé itan lọ fún ìyàwó olórí, èmi ń jẹ tèmi pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó fi ọgbọ́n ju gbogbo ìlú lọ.

Nígbà ọyẹ́ ni a wọ igbó lójú ọ̀nà Oǹdó, gbogbo ẹgbẹ́. Ìkùukùu ṣú, a kò rí ara wa, agogo ajá nìkan là ń gbọ́. Mo gbọ́ tèmi tó sáré, mo gbọ́ ọ tó dákẹ́. Mo yíjú sí akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ó ti mú un," mo ní.

Kì í ṣe ọ̀yà ló bá níbẹ̀. Ìmàdò ni, akọ, eyín rẹ̀ gùn bí ìka mi. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ìmàdò ti lọ, ajá mi dùbúlẹ̀, ìhà rẹ̀ là láti abíyá dé itan. Kò ké mọ́. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ló yẹ kó ṣàlàyé. Mo gbé e lé èjìká bí wọ́n ti ń gbé ewúrẹ́, mo rìn láti ibẹ̀ dé Modákẹ́kẹ́ láìsọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn gba inú dàńṣíkí mi dé ẹsẹ̀. Ó ń lá mi létí lójú ọ̀nà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ìrìn yẹn, ẹni tó bá mọ̀ mí yóò sì mọ̀ pé ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyá àgbà kan wà ní Modákẹ́kẹ́ tó ń rán egbò ajá. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi òwú rán an bí ẹni rán àpò, ó kó ewé lé e. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́.

"Ṣé ajá ọlọ́yà méje tí ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ń pariwo rẹ̀ nìyí? Mo rò pé ó máa tó ẹṣin."

"Ìyá, ṣé yóò yè?"

"Bí ó bá sùn síbí, tí mo ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́, ó ṣeé ṣe. Póùn méjì ni. Kí o mú owó náà wá, kó má kọjá ọjọ́ karùn-ún."

Póùn méjì. Owó kòkó mi ti di kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn, ó sì ti di páànù lórí ilé, gbogbo ènìyàn ló rí i tó ń dán. Mi ò ní póùn méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ pàdé. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́bàá ògiri. Akọ̀wé ka ìwé sókè: ajá ilé. Ẹnì kan ní ìmàdò wo ló wá gbá ajá nínú ilé mi, bóyá ó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Olórí gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Èmi ò fẹ́ kí ajá náà kú," ó ní, ojú rẹ̀ sí mi. "Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí o bá lè dìde báyìí, kí o sọ fún wa pé ajá ilé ni lóòótọ́, pé kò pa ẹran rí, pé ńṣe ló kàn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn wọ igbó bí ọmọ ṣe ń tọ ìyá lọ sọ́jà, a ó gbà pé ó ṣìnà ni. A ó san póùn méjì yẹn."

"Ọ̀yà méje ńkọ́, bàbá?" Ọkùnrin tí ajá rẹ̀ kò pa eku rí ló sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn náà. Kó sọ pé irọ́ ni."

Mo wo ìyàwó mi. Ó mi orí sí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń bẹ ọmọ kó lo oògùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dìde láti sọ ọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Irọ́ ni, ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo wá wo gbogbo wọn, ojú wọn ń dán, wọ́n ń retí rẹ̀. Mo rántí pé ajá yẹn wà ní Modákẹ́kẹ́, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò lè sọ̀rọ̀ gbèjà orúkọ ara rẹ̀.

"Kì í ṣe méje," mo ní. "Mẹ́jọ ni. Ìkẹjọ ló ta pọ́ún wọ ihò lẹ́yìn tí ajá mi ti já a ní ìrù."

Akọ̀wé pa ìwé rẹ̀ dé.

Ìyàwó mi bá mi rìn dé ìyànà ilé wa. "Bàbá wọn," ó wá ní, "gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ìkẹjọ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi rí." Ó wọlé, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde sí gbangba fúnra rẹ̀. Kò ní láti ṣàlàyé. Tíṣà kan ní Ìlàrè ló rà á. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ náà parí kó tó gùn ún lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ka póùn méjì sí ọwọ́ ìyá àgbà.

Ajá náà jẹun lọ́jọ́ kẹfà. Lọ́jọ́ keje ó dìde dúró, mo sì ti sọ ọ́ káàkiri kí n tó délé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ìyá náà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní egbò ti ń jinná lókè, ṣùgbọ́n ó ti kẹ̀ nínú. Mo jókòó ti ajá mi nílẹ̀. Ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ. Mo sin ín sí ẹ̀gbẹ́ oko kòkó mi, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí bóyá inṣọ́ránsì dára fún ajá. Mo ń sọ fún wọn pé ó dára púpọ̀, pàápàá fún ajá tí olówó rẹ̀ lè pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ẹ̀rín bá tán, wọ́n a ní kí n sọ ohun tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo ti kà á, kò pọ̀: ajá kan, kẹ̀kẹ́ kan, iṣu mẹ́rin, dàńṣíkí kan tí ẹ̀jẹ̀ kò fọ̀ kúrò lára rẹ̀, àti ọmọ ajá tí ẹgbẹ́ ì bá fún mi.