Ilé tí Mo Lọ Wá Àbùkù Sí ní Japan

Aago mẹ́rin ìdájí ni takisí gbé mi nílé wa ní Blackley. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli bó ṣe máa ń ṣe ní Manchester. Orúnkún ọkọ mi ń dùn ún, kò lè bá mi lọ. Ó kàn ní, "Ìyá Bọ́lá, ilé ni kí o lọ wò o. Má lọ ba nǹkan jẹ́." Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ní òun fẹ́ lọ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Japan fún ọdún méjì péré. Ó débẹ̀ tán, ó fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kenji. Ní báyìí wọ́n rí ilé tuntun kan, irú èyí tí wọ́n ní ilẹ̀ mímì ò lè wó. Bọ́lá ní àwọn ò ní rà á àfi tí mo bá wá gbàdúrà níbẹ̀, kí n sì ní ó dáa. Èmi sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ra ilé, ó parí nìyẹn, ọmọ mi ò ní padà wálé mọ́. Àbùkù ni mò ń lọ wá.

Ọkọ̀ òfuurufú méjì ni mo wọ̀. Bọ́lá àti Kenji ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Nínú reluwé wọn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Fóònù mi dún, mo ní "Hẹ̀lóò!", gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Bọ́lá ra onígírì fún mi, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun dúdú wé, ọgọ́fà yẹ́ẹ̀nì owó wọn. Kò sí ata rárá nínú ẹ̀. Mo bá yọ ata gígún mi látinú báàgì, mo bù ú sí i. Kenji tọ́ ọ wò, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ó dùn. Ọmọ dáadáa ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

A dé ilé náà, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, mo fìka kan ògiri. "Bọ́lá, pákó nìyí! Ní Ìjẹ̀bú, adìyẹ là ń kọ́ irú èyí fún."

Bàbá tó ń ta ilé náà tẹrí ba fún mi. Ó jù mí lọ dáadáa, ojú tì mí, mo kúnlẹ̀. Òun náà bá kúnlẹ̀. Bọ́lá ló fà wá dìde.

Bàbá ń ṣàlàyé, Bọ́lá ń túmọ̀: irin wà nínú ògiri, rọ́bà ńláńlá wà lábẹ́ ìpìlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mì, ilé á bá a fì díẹ̀, kò ní bá a jà. Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta lórí pákó ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bá a ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: àtẹ́wọ́, ariwo, ẹsẹ̀ ń kilẹ̀. "Baba! Ohunkóhun tó bá fara pamọ́ sínú ilé yìí, mì ín jáde! Mo ní mì ín! Mì ín!"

Ilẹ̀ bá mì.

Yéè! Iná òkè àjà ń fì síwá sẹ́yìn. Mi ò mọ bí mo ṣe dé títì, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. "Bọ́lá, jáde!"

"Mọ́mì, ẹ wọlé! Inú ilé lẹ ò ti ní fara pa!"

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwo amọ̀ tí wọ́n fi bo òrùlé ilé àtijọ́ kan lódìkejì já lulẹ̀, gbàà! Mo sáré wọlé padà ju bí mo ṣe sáré jáde lọ.

Nígbà tó dáwọ́ dúró, ife tíì tí bàbá náà ń mu ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò ta sílẹ̀. Ó sọ nǹkan, Bọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ṣé ẹ lè máa bá òun gbàdúrà fún àwọn oníbàárà tó kù?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń fìka tọ ògiri láti yàrá dé yàrá, bóyá ó sán níbì kan. Bọ́lá rọra tẹ̀ lé mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i?"

"Rí kí ni?"

"Ohun tí ẹ wá wá."

Háà! Tipẹ́tipẹ́ lọmọ yìí ti mọ̀. Ojú gbà mí tì. Mo ní, "Mi ò rí i. Ẹ rà á."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo padà sí Blackley. Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé kéèyàn má fi ẹ̀tàn gbàdúrà, torí Ọlọ́run lè gbà á. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Ilé ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

"Bàbá Bọ́lá, ó dáa. Ó dáa ju bí mo ṣe fẹ́ lọ."

Ni mo bá bú sẹ́kún.