Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún àti Abọ́ Iyọ̀

Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ afárá ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Láti ọjọ́ tó ti yege ìdánwò Ẹgbẹ́ Orí Pípé, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè bá a sọ, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ òjò, ìbáà ṣe ti bàtà tó ń há yín lẹ́sẹ̀, tí kò ní wá ọ̀nà dá a padà síbi tó máa ti sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn méjì péré ni orí wọn pé tó láti wọ ẹgbẹ́ àwọn. Tó bá wí bẹ́ẹ̀ tán, á dákẹ́, á máa wojú yín, kí ẹ lè ráyè fi ara yín sáàárín àwọn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò nídìí iṣẹ́ yẹn. Tó bá ki ọwọ́ bọ inú ìyẹ̀fun, á mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù láì wo òṣùwọ̀n. Tó bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láti ẹnu ọ̀nà, á ti mọ̀ pé bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já. Bí ẹ bá bi mí, làákàyè gidi nìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fún ènìyàn ní káàdì nítorí pé ó mọ ìgbà tí ìyẹ̀fun rọ̀ tó, káàdì ló sì ń wá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ lẹ ìwé èsì ìdánwò àbúrò rẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, ó sì fi tirẹ̀ dí ihò tí òjò ń gbà wọlé lójú fèrèsé. Olódo ni bàbá náà ń pè é níwájú àlejò. Ó ní Ọlọ́run fún àbúrò ní orí tí yóò máa fi ronú, ó fún ẹ̀gbọ́n ní èyí tí yóò máa fi dé fìlà. Àbúrò di lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n ń po ìyẹ̀fun, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún títí ó fi lé lógójì ọdún. Nígbà tó máa fi rí káàdì gbà, bàbá ti kú. Ẹni tí ì bá fi hàn kò sí láyé mọ́, ló bá kù sọ́rùn àwa tí a ò ṣẹ̀ ẹ́.

Inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé bọ́tà ló ti rí ìkéde ẹgbẹ́ náà. Ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kíní, ó fìdí rẹmi, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó tún un ṣe, ó yege, ó sì sọ fún gbogbo ayé, títí kan ẹni tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò. Wọ́n fún un ní báàjì kékeré kan tó ń dán. Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì kì í gbà kí wọ́n fi ohun tó ní píìnì wọ ibi ìpòyẹ̀fun, kó má baà já sínú oúnjẹ. Ọkùnrin náà wá fi í sára kọ́là ẹ̀wù tó ń wọ̀ relé. Tí iṣẹ́ bá parí, á rọra máa pààrọ̀ aṣọ bí ìyàwó tuntun, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun táwọn ọlọ́gbọ́n ń ṣe tí wọ́n bá kóra jọ. Àwọn mọ́kànlá ni, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ní gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù. Ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́wàá tó kù á máa dúró kó parí kí tiwọn lè bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní nítorí pé wọn ò lè bá òun jiyàn ni. Tábìlì tí wọ́n ń jókòó yí ká ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi jíròrò lórí ẹsẹ̀ tábìlì yìí, wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó wá gbálẹ̀ ká páálí sí méjì, ó fi í sábẹ́ rẹ̀, tábìlì dúró gbọn-in, ó bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà ní páálí kì í ṣe ojútùú gidi. Wọ́n yọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin wa ti ń rí ara rẹ̀ bí ènìyàn.

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń bójú tó ààrò máa ń bi í pé nínú ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì òní, ṣé méjì péré ló máa jinná. Obìnrin tó ń wọn nǹkan, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Olóṣùwọ̀n, kì í dá sí i. Ìwé mẹ́fà ló kà, ohùn rẹ̀ kéré, àṣìṣe rẹ̀ sì kéré jù ú lọ. Ọkùnrin náà kì í fojú èèyàn wò ó.

Bí ó bá fi mọ síbi iṣẹ́ ni, ì bá san. Àmọ́ ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹgbẹ́ náà sì ní ìdánwò fún àwọn ọmọdé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó jókòó ti ọmọ náà sídìí tábìlì, ó gbé aago síwájú rẹ̀, ó ní kó máa mú àwòrán tí kò bá àwọn yòókù mu. Ọmọ náà mú díẹ̀, ó sú u, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán onígun mẹ́ta kan ní pupa. Ó ní ó jọ pé onígun mẹ́ta náà nìkan ló dá wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ka máàkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo. Ó kàn ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Olódo.”

Ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pè ní olódo. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ fọwọ́ kó wá jẹun. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti bi wọn nílé ìwé, wọ́n sì ti sọ fún un.

Lásìkò yẹn gan-an ni bàbá àgbà kan tó jẹ́ olórí ibi ìpòyẹ̀fun nílé búrẹ́dì ní òun fẹ́ fẹ̀yìntì. Màdáámù ní ẹni méjì ni ojú òun wà lára wọn láti gba ipò rẹ̀, Àǹtí Olóṣùwọ̀n àti Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún, òun sì máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun fi mọ ẹni tó lè ṣe é. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ẹ ò lè mọ bí ipò yìí ṣe ká a lára tó. Ó ti rò ó sílẹ̀ bí òun ṣe máa pe àbúrò òun lórí fóònù, tí òun á kàn fi ọ̀rọ̀ náà bọ àárín ọ̀rọ̀ mìíràn bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.

Ilé búrẹ́dì náà ní àṣà kan tó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọn iyọ̀ á gbé abọ́ iyọ̀ sórí tábìlì ìdí ẹ̀rọ. Tó bá ṣe díẹ̀, á pè é sókè pé, “Iyọ̀ ńkọ́?” Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á da iyọ̀ sínú ìyẹ̀fun, á dojú abọ́ dé, á wá dáhùn pé, “Iyọ̀ ti wọlé.” Síbẹ̀, ẹni tó pè é gbọ́dọ̀ rìn wá fojú ara rẹ̀ rí abọ́ tó dojú dé kí iṣẹ́ tó máa lọ. Ìdí ni pé ìyẹ̀fun tí kò níyọ̀ kì í fara hàn lójú. Funfun ni iyọ̀, funfun ni ìyẹ̀fun.

Ní ọjọ́ Monday tó di olórí, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fagi lé àṣà yìí. Ó ní eré ọmọdé ni. Ó ṣírò ìṣẹ́jú tí wọ́n ń fi rìn wá rìn lọ lọ́dún kan, ó kọ ọ́ sára pátákó, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Olóṣùwọ̀n ní òun ò kọ̀ kí òun máa rìn. Ó dá a lóhùn pé òun kì í ṣe irú ẹni tó ń gbàgbé, pé tí òun bá gbàgbé iyọ̀, kí wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ òun. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó ń bó ọsàn rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Thursday ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ dé. Àdììtú kan wà lẹ́yìn rẹ̀: ènìyàn méje, ilé méje, ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tí kì í purọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìdáhùn ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú èyí tó ń bọ̀. Ó gbé ìwé náà lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń wá òpùrọ́. Ibi tó gbé ìwé lé kí ó lè ráyè kọ nǹkan sí i, orí abọ́ iyọ̀ ni. Àǹtí Olóṣùwọ̀n pè é láti ibi òṣùwọ̀n bó ti mọ́ ọn lára, ó ní iyọ̀ ńkọ́. Ó dáhùn pé iyọ̀ ti wọlé, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó rí òpùrọ́ náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ó fi ìdáhùn ránṣẹ́, inú rẹ̀ dùn.

Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó wú kọjá etí páànù kí àkókò tó tó. Ọkùnrin ìdí ààrò ní òun ò fẹ́ràn bó ṣe rí. Olórí tuntun ní ooru ló fà á, ó sì ṣàlàyé bí ooru ṣe ń ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta búrẹ́dì wọ ààrò. Wọ́n jáde, wọ́n tóbi, wọ́n funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Bàbá àgbà ya ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó tu ú sọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n lọ pe Màdáámù.

Ibi tí ọkùnrin náà ti tẹ́ lójú mi nìyí. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni kì í gbàgbé? Ṣùgbọ́n Màdáámù bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dìde, ó fi ọgbọ́n ṣàlàyé. Ó ní ohun méjì péré ló lè fà á: bóyá wọn ò da iyọ̀ sí i, bóyá wọn ò wọn iyọ̀ rárá. Òun kì í gbàgbé. Nítorí náà, wọn ò wọn ọ́n. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó nawọ́ sí obìnrin tó ti bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí nìkan tọ́ ọmọ.

Àǹtí Olóṣùwọ̀n rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ìrìn tí wọ́n ti ní kó má rìn mọ́, ó sì ṣí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kúrò lórí tábìlì. Abọ́ iyọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó kún dé ẹnu, ojú rẹ̀ ń wòkè.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Nínú ọgọ́rùn-ún, àwa méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ì bá ti wò ó.”

Màdáámù ní kí Àǹtí Olóṣùwọ̀n gba kọ́kọ́rọ́ ibi ìpòyẹ̀fun lọ́wọ́ Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀. Kò lé ọkùnrin náà lọ. Ó kàn ní kó máa wọn iyọ̀ láti ọ̀la, kó máa pè é sókè, kó sì máa rìn lọ wò ó. Búrẹ́dì tí kò ṣeé tà, wọ́n pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n kó o relé. Tirẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gé búrẹ́dì náà sórí àwo. Ọmọ wọn bu ẹnu kan jẹ, ó dá ìyókù padà.

“Dádì, kò níyọ̀.”

Ẹnu kan péré. Odindi ọ̀sán ni bàbá rẹ̀ fi dúró ti ìyẹ̀fun kan náà, tó ń ṣàlàyé ooru. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó gbé iyọ̀ wá láti kíṣìnì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe níwájú ọmọ. Ìyàwó ọkùnrin ìdí ààrò ti pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù, ó ti ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ náà bèèrè ẹni tó gbàgbé iyọ̀.

Ọkùnrin náà wo iyọ̀, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Obìnrin kan ni, níbi iṣẹ́ wa.”

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó fà á lẹ́wù, níbi tó súnmọ́ báàjì.

“Ẹ má bínú sí i, Dádì. Ó lè jẹ́ pé olódo bíi tèmi ni.”

Ìyá rẹ̀ dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń retí ohun tó máa sọ. Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún bu búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà gbà á bẹ́ẹ̀.